Pẹpẹ Tí Kò Lábàwọ́n

Kò sí ohun tó ń bí mi nínú tó kí èèyàn fi ọwọ́ ọbẹ̀ kan ìwé. Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ní Sabon Gari, nílùú Kano, ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí ọmọ kan bá dá ìwé padà sí láíbìrì tí mò ń bójú tó, tí mo sì rí òróró kòsáì, ìyẹn àkàrà, lára rẹ̀, màá pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì á dúró wò. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá wa wọlé lọ́jọ́ kan, tó na ìka sí pẹpẹ ìwé Yorùbá, tó ní, "Èyí mà mọ́ o," ṣe ni mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Kò yìn mí. Àlhájà ni ọ̀gá wa, ọjà Kantin Kwari ni bàbá rẹ̀ ti ta aṣọ títí ó fi darúgbó, òun náà kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ó mọ́ torí pé kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án," ló wí. "Àǹtí, wallahi, àwọn òbí ò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ti ń kàwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tábúlẹ́ẹ̀tì ti dé báyìí, ibo la fẹ́ kó o sí? Bí tọ́ọ̀mù yìí bá parí tí pẹpẹ yìí ṣì mọ́ báyìí, káfíńtà á wá yọ ọ́."

Inú bí mi gan-an. Railway Quarters ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni àwọn ìwé yẹn ti wá. Bí àgbà kan níbẹ̀ bá ti fẹ̀yìn tì, tó ń kó ẹrù rẹ̀ padà sí ìlú wọn, á kó ìwé tó fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá fún ilé ẹ̀kọ́ wa. Ìwé àlọ́ ni òmíràn, ìwé ìtàn ni òmíràn, ìwé ABD náà wà níbẹ̀. Mo jókòó ti ọ̀kan nínú tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun náà, mo wá àkọlé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí oríṣiríṣi nǹkan tí mi ò wá, mi ò rí ẹyọ kan nínú ìwé wa. Bí wọ́n bá kúrò lórí pẹpẹ yẹn, ọ̀dọ̀ oníkòsáì ni wọ́n ń lọ tààrà, á máa fi wọ́n di kòsáì fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá wa ò purọ́. Àwọn ọmọ wa gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n wá jẹun, ẹ wò ó bí wọn ò ní sáré. Ṣùgbọ́n Hausa tàbí pijin ni wọ́n fi ń dáhùn, bí wọ́n bá sì rí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀, wọ́n á ní kòkòrò ń rìn lórí ìwé. Mo fipá yá àwọn kan nínú wọn ní ìwé. Wọ́n dá a padà lọ́jọ́ kejì, ó mọ́ tónítóní. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ.

Ìgbà tí ara mi rọ̀ díẹ̀ ni mo rò ó pé, bí etí wọn bá gbọ́ ọ, bóyá ojú wọn á tẹ̀ lé e. Mo ti ilẹ̀kùn láíbìrì, mo ka ìwé àlọ́ kan sínú tábúlẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọmọ lè máa gbọ́ ohùn mi, kó sì máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú ìwé. Mo fi ohùn náà ránṣẹ́ sórí Wásáàpù sí àwọn ìyá wọn pẹ̀lú, nítorí ẹni tó bá yá ìwé lọ sílé.

Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú ní, "Àǹtí, you dey read am like Bahaushiya!" Èmi, bí obìnrin Hausa! Ó dùn mí wọra. Bàbá mi ò gbà kí á sọ Hausa nídìí oúnjẹ rí, mo sì ti gbà pé Yorùbá tèmi gún régé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un gbọ́, ọmọ yẹn ò parọ́. Ohùn mi ń gòkè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, mo sì ń sọ "to" àwọn Hausa láàárín gbólóhùn bí ẹni tó ń nájà. Ojú tì mí, mo fẹ́ pa á rẹ́ lórí Wásáàpù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dá mi lóhùn. Ìgbà tó fi máa padà, àwọn ìyá ti gbọ́ ọ.

Ìyá kan ló kọ́kọ́ fèsì: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, wọn kì í pa àlọ́ yẹn báyẹn." Òmíràn ò tiẹ̀ kí mi: "Haba, Àǹtí! Ẹ fún ọmọ mi ní ìwé yẹn kó gbé e wálé, màá kà á fún un fúnra mi." Àgbà kì í sáà wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èsì gbígbóná ti wà lẹ́nu mi, àfi ìgbà tí mo rí i pé ìwé ni wọ́n ń tọrọ. Mo gbé e mì. Mo ka ìwé mìíràn sí i, mi ò sì tún ohùn mi ṣe. Díẹ̀díẹ̀, pẹpẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní àlàfo.

Nígbà tí tọ́ọ̀mù ń parí lọ, ọmọbìnrin ẹlẹ́nu mímú yẹn wá dá ìwé padà. Ẹ̀yìn ló fi í pa mọ́ sí. Mo gbà á, mo ṣí i, mo rí epo pupa: àmì àtàǹpàkò àgbàlagbà, ní ibi tí èèyàn ti ń di ìwé mú kó má bàa pa dé.

"Àǹtí, abeg, no vex," ló ń wí. "Na my mama. She dey turn soup. She say wetin you read for phone no correct, she come drag the book for my hand, she read am finish."

Mo la ẹnu láti pariwo bí ìṣe mi, ẹ̀rín ló jáde. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ọ̀gá wa bá wa bẹ́ẹ̀, káfíńtà wà lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti òòlù. Ó rí ìwé lọ́wọ́ mi.

"Ta ló fi epo ba ìwé jẹ́ báyìí?"

"Àlhájà, ẹni tó kà á ni."

Ó wo ìwé, ó wo pẹpẹ. Ó ní kí n kà á kí òun gbọ́. Mo kà á bí mo ṣe máa ń kà á. Mi ò tíì lọ jìnnà tó fi fajú ro.

"Haba, Àǹtí! Kì í ṣe báyẹn." Ó gba ìwé náà, ó jókòó sórí àga mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ìyá tó bí i ṣe ń pa á fún un ní kékeré. Ọmọbìnrin yẹn sún mọ́ ọn, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀.

"Hajiya, wanne zan cire?" ni káfíńtà wí. Ó fẹ́ mọ èwo ni kí òun yọ.

Ọ̀gá wa ò gbójú sókè. Ó nawọ́ sí tábìlì mi lẹ́bàá fèrèsé, ó ní kó gbé ìyẹn kúrò, kó kan pákó fún tábúlẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ahọ́n kan ìka rẹ̀, ó sì ṣí ojú ewé tó kàn. Mo rí i, mi ò sì pariwo.