Àna Mi Nínú Bùùtù, Lórí Yìnyín Houston

Ẹni tó bá sọ pé yìnyín dára, kò tíì wa ọkọ̀ lórí rẹ̀ rí. Inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ń rí i lórí igi, funfun nini, wọ́n á ní ó wuyì. Èmi tí mo wa ọkọ̀ lórí rẹ̀ láti Alief dé ilé ọmọ mi lẹ́yìn Gàlẹ́ríà, bí wọ́n bá bu ẹyọ kan sínú omi tí mo fẹ́ mu, ó ń rí mi lára.

Ọkọ̀ tí mo ń wà nígbà náà gùn. Mi ò purọ́ fún yín: bí imú rẹ̀ bá ti dé ìsọ̀ tí a ti ń ra gàrí ní ìkóríta, ìdí rẹ̀ ṣì wà nílé, ìyàwó mi á ṣì máa bá mi jà láti ojú fèrèsé. Wọ́n ti ṣe é kí n tó bí àkọ́bí mi. Àwọn òyìnbó a máa sáré wá yà á ní fọ́tò, àmọ́ àna mi ní kí n lọ tà á fún àwọn tó ń yọ́ irin.

Àna mi yìí, bàbá ìyàwó ọmọ mi, ni orí ọ̀rọ̀. Ó kàwé kàwé, ó di injiníà, ó kọ́lé sí Mission Bend, ó sì sanra bí ẹni tó ń jẹ fún méjì. Èmi, ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì já kẹfà sí àárín. Ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀ bí ọkùnrin, ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ fún àwa méjèèjì. Èmi ni bàbá ọkọ, èmi ni mo ni orúkọ tó ń ṣáájú, èyí tí gbogbo ayé á máa pe ọmọ. Orúkọ bàbá mi ni mo fẹ́ fún un. Àna mi fẹ́ fi orúkọ bàbá tirẹ̀ ṣáájú, orúkọ kan tó gùn débi pé kéèyàn tó pè é tán, ẹ̀kọ á ti tutù. Láti ìgbà tí oyún ti yọ la ti ń fà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje, tí ìkómọ ku ọ̀la, òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń balẹ̀ ló ń dì. Mo fi làákàyè mi rò ó: ohun tó bá ní òróró lára, omi kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Mo bu epo pupa, mo fi pa gíláàsì iwájú ọkọ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tó di òwúrọ̀, epo ti dì, yìnyín ti dì lé epo lórí, gíláàsì mi dà bí ọbẹ̀ àná tí wọn ò tíì gbé kaná. Mo fi ṣíbí ìrẹsì ha á títí apá fi ń ro mí. Ibi tó tó ẹnu ife ìmumi ni mo rí ha, ibẹ̀ ni mo ń yọjú wo ayé.

Fóònù dún. Àna mi ni. Ọkọ̀ tuntun rẹ̀ ti yọ̀ bọ́ sí kòtò lójú ilé.

"Àlàájì, ṣé ọkọ̀ yín ń rìn?"

"Èwo nínú wọn? Irin tí ẹ ní kí n lọ tà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájì, ẹ yà gbé mi. Àfáà ti ń retí wa."

Àfáà ti sùn mọ́jú nílé ọmọ mi, ó sì ti sọ pé bí òun ò bá rí wa títí aago mẹ́wàá, òun á ṣí ìwé òun, òun á mú orúkọ tó bá wu òun fún ọmọ. Mo lọ gbé e.

Híítà ọkọ̀ mi ò mọ iṣẹ́ méjì ju kó kó òórùn wọlé. Àna mi fi agbádá bo imú.

"Kí ló ń rùn bí ibi tí wọ́n ti ń fún epo báyìí?"

"Sáyẹ́ǹsì ni, Injiníà."

Lójú ọ̀nà, mọ́tò àwọn ará Houston kọrí sí ibi gbogbo bí ewúrẹ́ tí kò lólówó. A ń rọra lọ títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti gun bíríìjì kọjá lórí fíríwè, ọ̀nà márosẹ̀ wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ń yí, ọkọ̀ ń padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ìyàwó tí kò fẹ́ délé ọkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú. Aago ti kọjá mẹ́sàn-án ààbọ̀.

"Iwájú ni ẹ́ńjìnì wà," ni àna mi wí, "táyà ẹ̀yìn ló sì ń ti ọkọ̀. Ẹ̀yìn fúyẹ́ jù. Ó ń fẹ́ ẹrù nínú bùùtù."

"Ẹrù bíi kí ni?"

"Bí àpò ìrẹsì mẹ́ta."

Mo wo ikùn rẹ̀. Ó rí i pé mo wò ó.

"Rárá o, Àlàájì."

"Mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ kàwé."

Ó wo aago, ó wo òkè bíríìjì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Bí mo bá wọ ibẹ̀, orúkọ bàbá mi ló máa ṣáájú."

Mo fẹ́ kọ̀. Àmọ́ orúkọ inú ìwé Àfáà burú ju tirẹ̀ lọ. Mo gbà. Ó ní kí n fi Ọlọ́run búra. Mo búra.

Ó ká agbádá mọ́ra, ó jókòó sí ẹnu bùùtù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì lẹ́yìn ọkọ̀ bí ti ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Ìdí ọkọ̀ rọlẹ̀, imú rẹ̀ gbé sókè, ojú ọ̀run ni mo ń rí, mi ò rí ọ̀nà mọ́. Àmọ́ ó gun bíríìjì náà, ó sì tún gun méje mìíràn. Ọlọ́pàá kan gbé ọwọ́ sókè láti dá wa dúró; nígbà tó rí ohun tó wà ní bùùtù, ọwọ́ náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí a dé, irùngbọ̀n àna mi ti le bí ìgbálẹ̀, ikun imú rẹ̀ ti dì dé ètè. Ẹ jẹ́ kí n má sọ jù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni. Èèyàn méjì ló gbé e wọlé. Ẹnu rẹ̀ ò ṣí.

Àfáà yíjú sí mi. "Àlàájì, ẹ̀yin ni bàbá ọkọ. Kí ni ọmọ ń jẹ́?"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìbúra yẹn àfi àwa méjì. Ẹnì kejì mi ò sì lè fọhùn. Orúkọ bàbá mi ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo àna mi. Kò mi orí, kò ṣẹ́jú, ó kàn ń gbọ̀n, ó ń wò mí.

Mo pe orúkọ gígùn yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó korò lẹ́nu mi bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Omi bọ́ lójú àna mi. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣí, ó ní yìnyín ló ń yọ́.

Orúkọ bàbá mi ló wà ní ipò kẹrin, lẹ́yìn èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé. Ọmọ náà ti di géńdé báyìí. Bí àna mi ò bá sí nítòsí, mo máa ń fi orúkọ kẹrin yẹn pè é. Ṣe ni yóò wo ẹ̀yìn, kó wo ẹni tí mo ń pè.