Aago Tí Adájọ́ Kò Bà Jẹ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni aránṣọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Kí n tó mú bírò ni ìyàwó mi ti kìlọ̀ fún mi pé kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má bu iyọ̀ sí i. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, ta ni yóò jẹ ẹ́ tán?

Ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, òpó lèèyàn máa kọ́kọ́ kí. Téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀, àárín abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn náà ló sì ti máa ń bá oníbàárà jà. Kò lọ́kọ. Àwọn tó wá fẹ́ ẹ nígbà èwe rẹ̀, ṣe ló wọ̀n wọ́n bí aṣọ: èyí kúrú lápá, èyí fẹ̀ jù láyà, èyí kò ní ìlà tó tọ́. Nígbà tó fi pé àádọ́ta ọdún, gbogbo wọn ti lọ rí ẹlòmíràn tó rán wọn.

Yàrá kan ló ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òun àti ìyá rẹ̀, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé, bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà wà lẹ́nu ọ̀nà, àga ìyá rẹ̀ sì kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Pákó lásán ni wọ́n fi pín yàrá náà sí méjì nígbà ìwáṣẹ̀. Lódìkejì pákó yẹn ni atúnbàtàṣe kan ń gbé, tó sì ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó tirẹ̀ ti kú tipẹ́. Jẹ́jẹ́ lọkùnrin náà. Bó bá sín lọ́hùn-ún, aránṣọ máa ní “ẹ pẹ̀lẹ́” níhìn-ín, òun náà á ní “ẹ ṣé”. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ń sọ láàárín ọ̀sẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi a máa dùn bí ọ̀fìnkìn bá mú un.

Eré kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ju èmi àbúrò rẹ̀ lọ. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Inú ìwé àtijọ́ kan ni wọ́n ti yọ ọ́, láti ayé ìgbà tí ẹṣin ń fa ọkọ̀, tí obìnrin ń wọ aṣọ tó lè bo ilé ìdáná mọ́lẹ̀. Adájọ́ olówó kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ wúwo. Ọmọ atúnaagoṣe kan wà níbẹ̀ tí kò ní kọ́bọ̀, àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Láti apá kìíní ni wọ́n ti fẹ́ràn ara wọn. Apá kẹfà ni adájọ́ tó sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Apá mẹ́fà gbáko, nítorí ọ̀rọ̀ kan!

Ọdọọdún ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa ń gbé e padà, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Gbogbo àdúgbò ló mọ ibi tó ń parí sí. Síbẹ̀, bí adájọ́ bá gun ẹṣin ní apá kẹta tó fẹ́ máa lọ láìsọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ òṣé láti ojú fèrèsé mẹ́tàlélógójì. Ìyàwó mi ní ojúlé mẹ́jọ péré ló wà ládùúgbò yẹn. Ó dáa, òṣé náà dún bíi ti mẹ́tàlélógójì. Àwọn obìnrin a máa bẹ̀ ẹ́ pé kó padà, bíi pé ẹṣin lè ṣìnà lọ́dún yìí.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi nígbà kan pé kí ló tún kù tó ń wá níbẹ̀, nígbà tó ti mọ̀ pé wọn yóò fẹ́ra. Ó ní, “Ìwọ náà kò mọ̀ pé ilẹ̀ máa mọ́ ni? Kí ló dé tí o fi ń ṣí fèrèsé láràárọ̀?” N kò bi í mọ́ láti ọjọ́ náà. 

Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ fọ́. Èdè tí wọ́n ń sọ nínú eré náà kò yé e tẹ́lẹ̀. Ojú ló fi ń gbọ́ ọ. Bí ojú ti wá lọ yìí, ilẹ̀kùn méjèèjì tì pa. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó gbọ́ orin tí eré náà fi ń bẹ̀rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ni ọmọ rẹ̀ bá yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ó fa àpótí kan sún mọ́ ọn, ó ní, “Màámi, mo máa sọ ọ́ fún yín.”

Apá kìíní rọrùn. Apá kejì náà lọ geerege: adájọ́ gbé aago wá fún bàbá ọmọbìnrin náà pé kó bá òun tún un ṣe. Apá kẹta ni wàhálà dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó mọ̀ pé láti apá yẹn lọ títí dé ìkarùn-ún, wíwò ni wọ́n ń wo ara wọn. Orin ń dún, àbẹ́là ń jó, adájọ́ ń wò, ọmọbìnrin ń wò.

Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè pé, “Kí ni wọ́n ń ṣe báyìí?”

“Wọ́n ń wo ara wọn, Màámi.”

Ó fetí sí orin náà. “Wọ́n ṣì ń wo ara wọn?”

“Wọ́n ṣì ń wo ara wọn, mà.”

“Ojú kò ro wọ́n?”

Aránṣọ rí i pé òun máa ba eré jẹ́ mọ́ ìyá òun lọ́wọ́. Ẹbí wa ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára èmi àti òun. Ó bu iyọ̀ sí i. Ó ní, “Háà, Màámi, adájọ́ tún ti gbé aago yẹn dé o. Kò sí ohun tó ṣe aago náà. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ àgbá kékeré kan tó ń yí nínú rẹ̀ kó lè rí àyè wá.” Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ìborùn rẹ̀ já bọ́.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni adájọ́ ń ba aago jẹ́. Lónìí á yọ ìṣó, lọ́la á rọ iyanrìn sí i. Ọmọbìnrin náà sì mọ̀, kò kàn sọ ni. Ọdún mẹ́fà ni aránṣọ fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ nípa aago yẹn. Ohun tó rò nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi kú lọ́dún tó kọjá, láàárín apá kejì sí ìkẹta. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, aránṣọ tan tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó sórí àpótí, ó wò ó láìsọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé kí apá náà tó dé ìdajì ni òun pa á, nítorí adájọ́ kàn ń wò ni, òmùgọ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé ní ìlú mìíràn, pè é lórí fóònù. Ó ní kó wá máa bá àwọn gbé, kó ta ẹ̀rọ, kó máa bójú tó àwọn ọmọ òun. Kí ló tún ń ṣe nínú yàrá yẹn lóun nìkan?  Ó gbà pé òun máa lọ bí oṣù bá parí. Èmi gan-an ló bẹ̀ pé kí n wá bá òun di ẹrù. Mo wá lójoojúmọ́, mo ń jókòó lórí bẹ́ńṣì oníbàárà, n kò di nǹkan kan. N kò fẹ́ kó lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wo ni mo fẹ́ sọ? Àgbà kì í fi ara rẹ̀ ṣe àga fún ẹni tí kò rí ibi jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù náà ni atúnbàtàṣe wá kan ilẹ̀kùn. Àpò kóòtù rẹ̀ ló ya. Aránṣọ rán an. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún dé, àpò kejì ló ya. Ọ̀sẹ̀ kẹta, àpò ti inú ni. Ìyàwó mi ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wá. Ṣé kóòtù tó ní àpò mẹ́ta ló máa fi ọ̀kan sílẹ̀?

Ìgbà kẹta tó wá yẹn, mo wà lórí bẹ́ńṣì mi. Mo di ojú, mo hanrun díẹ̀, nítorí àgbà tó ń sùn kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Aránṣọ gbé kóòtù sún mọ́ fèrèsé. Ó yẹ ojú ibi tó ya wò, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, kí ló fa àpò yìí ya?”

“Ìṣó ni.”

“Ìṣó náà mọ iṣẹ́. Ó gé òwú mọ́kànlá láìfọwọ́ kan aṣọ. Ó tún ń rùn bíi gọ́ọ̀mù bàtà.”

Atúnbàtàṣe ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi abẹ́rẹ́ gun awọ láti àárọ̀, àpò aṣọ ni kò ṣeé rán fún yín?”

Ó ní awọ yàtọ̀ sí aṣọ. Ohùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ mi dáadáa, mo ní láti dín ìhanrun mi kù.

 Aránṣọ jókòó sórí àpótí yẹn, kóòtù lórí orúnkún rẹ̀. Ó bèèrè jẹ́jẹ́ pé, “Ta ló sọ fún yín pé adájọ́ máa ń ba aago ara rẹ̀ jẹ́?”

“Ẹ̀yin ni. Pákó yìí kò nípọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Láti ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bó bá ti di aago márùn-ún, mo máa ń fi òòlù sílẹ̀.”

“Kò sẹ́ni tó ba aago jẹ́ nínú eré yẹn.”

“Ẹ̀n?”

“Èmi ni mo fi kún un, nítorí màámi. Adájọ́ gbé aago wá lẹ́ẹ̀kan, ó parí.”

Ọkùnrin náà rò ó lọ, rò ó bọ̀. Ó ní, “Abájọ tí oníbàárà kan fi bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ àgbá aago. Mo ní ṣe ló sùn lọ.” Ó tún rò ó. “Kí wá ni adájọ́ ń ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn?”

“Ó ń wò.”

“Ó ń wò nìkan?”

“Ó ń wò nìkan.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Wọ́n ní ìparí oṣù yìí lẹ ń lọ. Èmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń wo èèyàn láti ẹ̀yìn pákó. Ohun tí mo gbọ́ ni mo ṣe.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti purọ́ púpọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn, bó ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́. Aránṣọ, tó lè bá oníbàárà mẹ́ta jà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe ló ń fi ìka rin ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà lára kóòtù.  Nígbà tó yá, ó nà án sí i. Ó ní òun kò ní rán ìyẹn; ẹni tó gé e ni kó rán an. Ọkùnrin náà gba kóòtù, ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó ti yí padà.

Aránṣọ ní, “Ọjọ́ Àìkú, aago márùn-ún. Ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti máa gbé e. Ẹ má jẹ́ kí orin kọjá kẹ́ ẹ tó dé.”

Mo hanrun gidigidi kí wọ́n má bàa gbọ́ ẹ̀rín mi.

Ọjọ́ Àìkú náà, atúnbàtàṣe dé láti aago mẹ́rin. Aránṣọ ní kó jókòó sórí àga ìyá òun. Orin dún, adájọ́ jáde. Atúnbàtàṣe wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní ẹni yìí mà kúrú, èyí tí òun mọ̀ ga jù ú lọ dáadáa. Ó ṣe sùúrù fún un díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó rọ orí mọ́ ẹ̀yìn àga, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún Màmá.”

Aránṣọ sọ ọ́ fún un. 

Ó pe àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyẹn tún bi í pé kí ló ń ṣe nínú yàrá yẹn lóun nìkan. Ó ní òun ń ṣiṣẹ́, òun sì ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ ìránṣọ ṣì wà lójú fèrèsé.

Ní ti àpò ti inú yẹn, atúnbàtàṣe fi òwú bàtà rán an, èyí tí wọ́n fi ìda pa lára. Ó nípọn bí okùn àgbò. Gbogbo aránṣọ tó bá rí i ló máa bú u, àyàfi ọ̀kan, tó máa ń wò ó láìsọ nǹkan kan.