Omi Inú Táǹkì

Bí mo bá ti gbóòórùn dísẹ̀lì títí dòní, ara mi á kọ́kọ́ rẹ̀ mí ná, kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ àlòkù aláwọ̀ eérú kan ni. Ọkọ mi ló rà á ní àwọn ọdún tí ìlà bẹntiróòlù máa ń gùn láti ilé epo títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Òkòkòmáìkò. Ó ní dísẹ̀lì ni yóò gbà wá, pé kò sẹ́ni tó ń sùn sídìí dísẹ̀lì, àti pé ẹ́ńjìnnì náà á pẹ́ ju àwa méjèèjì lọ. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ibi iṣẹ́ gbé e lọ sí Kàdúná, tó di ẹni tí ń wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Èmi tí mi ò mọ̀ ju kí n ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò lọ ló fi ẹ́ńjìnnì tí yóò pẹ́ jù wá lọ sílẹ̀ fún.

Ìbà là ń gbé, nísàlẹ̀ ilé alájà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún òkè rẹ̀. Níbẹ̀ ni ìyá mi ti wá bá mi lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Apá òsì wọn kò ṣe é gbé mọ́, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀. Dókítà ní bí mo bá ń gbé wọn wá lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀ láìpa ọjọ́ jẹ, kí wọ́n máa bá wọn na ẹsẹ̀ náà, ó lè padà gbé wọn. Bí a bá ń pa ọjọ́ jẹ, iṣan á le, ó parí nìyẹn. Ohun tí ìyá mi ń fẹ́ láyé nígbà náà kò ju ọ̀kan lọ: kí wọ́n tún rìn, kí wọ́n padà sí ilé tí wọ́n fi aṣọ títà kọ́ ní ìlú wa lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Wọn ò lè gun bọ́ọ̀sì. Takisí lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀ kò sì bá agbára tíṣà mu. Ọkọ̀ eléérú yẹn nìkan ló kù.

Ọkọ̀ dísẹ̀lì àtijọ́ kì í ṣe ọkọ̀ oníkánjú. Bí o bá yí kọ́kọ́rọ́, wàá kọ́kọ́ dúró kí iná kékeré kan lójú dáṣíbọọ̀dù kú, nítorí inú ẹ́ńjìnnì ní láti gbóná kí epo tó gbiná. Èmi tí mi ò ní sùúrù kí ẹ̀wà jinná, orí ìjókòó yẹn ni mo ti kọ́ ọ. Màá ka ení, èjì, títí dé ogún. Bó bá wá ṣiṣẹ́, èéfín funfun á bo gbogbo àgbàlá, àwọn ọmọ yunifásítì á máa wúkọ́, wọ́n á máa ti fèrèsé wọn gbàgà-gbàgà kí n lè mọ̀ pé àwọn ń bínú.

Ìyẹn ò tíì burú. Èyí tó burú ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú sójú ọ̀nà. Á gbéra dáadáa nílé, bí a bá dé Ìyànà-Ìbà, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, agbára á tán nínú rẹ̀, á kú. Ọjọ́ Fúráìdè kan, iwájú Alábà Rágò ló kú sí. Àgbò tí wọ́n ń dà lọ sọ́jà yí wa ká, ọ̀kan na orí sójú fèrèsé ìyá mi, ó ń wò wọ́n. Wọn ò lé e. Ẹnu wọn ń mì, mo mọ̀ pé àdúrà ni wọ́n ń gbà sínú. Èmi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo dúró tì í bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò. Ìgbà tí a máa fi padà sílé, ọ̀sán ti pọ́n, ọjọ́ ọsibítù ti bọ́. Túsìdè tó tẹ̀ lé e tún bọ́ bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi wò ó wà ní Ajangbádì, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tí kì í pariwo. Ó tú epo inú fílítà sínú ìgò funfun, ó gbé e sókè sí oòrùn.

“Tíṣà, ẹ wò ó. Èyí tó wà lókè yìí, dísẹ̀lì ni. Èyí tó jókòó sísàlẹ̀ yìí, omi ni. Pọ́ǹpù yín ò lè mumi o. Tó bá fi lè bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ti di big trouble nìyẹn. Ta ló ń ta gáàsì, àní dísẹ̀lì yìí, fún yín?”

Mi ò dúró dáhùn. Bàbá kan ló ń ta dísẹ̀lì fún mi nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́bàá títì ní Òkòkòmáìkò. Mo gba ibẹ̀ lọ tààrà, mo gbé jẹ́rígáànù mi dání, gbogbo ọjọ́ tí mo ti pàdánù ń hó nínú mi.

“Ẹ̀ ń bu omi sí i!” Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, n ò kí wọn. “Ìyá mi ò lè rìn, ẹ wá ń bu omi sí gáàsì fún wa!”

Bàbá náà na ọwọ́. “Tíṣà, ẹ gbọ́ ná. Gbogbo tírélà tó ń lọ Sẹ̀mẹ̀, èmi ni mò ń ta gáàsì fún wọn. Tó bá jẹ́ omi ni, ṣé wọ́n á come back?”

Mo ní kí wọ́n lọ sọ ìyẹn fún ẹni tí kò gbọ́n. Mo sì da dísẹ̀lì inú jẹ́rígáànù mi nù síwájú dúrọ́ọ̀mù wọn, níṣojú èrò, níṣojú àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì tó ń ti ilé ìwé bọ̀. Nígbà tí mo délé, inú mi dùn. Kí n má parọ́, inú mi dùn gan-an ni.

Ilé epo ni mo ti wá ń rà á láti ìgbà náà, tí mò ń fi aṣọ sẹ́ ẹ. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ọkọ̀ tún kú. Mẹkáníìkì tún gbé ìgò sókè sí oòrùn, omi inú rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó yẹ ìdérí táǹkì wò, ó ní kò ní kọ́kọ́rọ́, bóyá òjò ló ń wọ ibẹ̀. Ó pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ọyẹ́ ló ń fẹ́, kò sí òjò kankan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni mo rí i. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá mi ń lọ kí àìsàn tó dé, àwọn ìyá ìjọ láti Ajangbádì sì máa ń wá kí wọn lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á fi ìgò omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí sílẹ̀ fún wọn. Ìyá mi á mu díẹ̀, á fi díẹ̀ pa ẹsẹ̀. Mo mọ ìyẹn. Lọ́jọ́ náà, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo gbọ́ ìró ọ̀pá lórí sìmẹ́ńtì ìta. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ìyá mi ni. Wọ́n dá wà. Wọ́n fi ìgò omi há inú ìró láyà, wọ́n ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ lé e, wọ́n dúró, wọ́n mí, wọ́n tún gbé e. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìdí ọkọ̀ tó ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n fi ìbàdí ti ọkọ̀, wọ́n gbé ọ̀pá lé e lórí, wọ́n ṣí ìdérí táǹkì. Wọ́n wá fi eyín ṣí ìgò omi, wọ́n da nǹkan bí ìlàjì ife sínú táǹkì, wọ́n sì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ara ọkọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń súre fún ọmọ.

Mo ti dìde láti pariwo. Inú ń bí mi dé ibi tí ó lè dé. Mo rántí gbogbo wákàtí tí mo ti lò lẹ́bàá títì, mo rántí bàbá onídísẹ̀lì, ojú sì tì mí títí mo fi gbé ìrọ̀rí bo ẹnu. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́rin, kò sẹ́ni tó rí ìyá mi kí wọ́n rìn kọjá ilé ìyàgbẹ́ láìsí ẹni tó dì wọ́n mú. Ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n rìn yẹn, wọ́n sì tún ní láti rin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún padà. Bí mo bá ní omi yìí ló ń pa ọkọ̀, kí ni wọ́n á tún dìde lọ ṣe níta? Mo jókòó padà. N ò tíì gbé ọ̀rọ̀ mì bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Mo sọ fún mẹkáníìkì lọ́jọ́ kejì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó wá rí ojú mi, ó dìde. Ó fi ìdè kékeré kan tí à ń fọwọ́ yí hàn mí lábẹ́ fílítà. Omi wúwo ju dísẹ̀lì lọ, ó ní, òun ló máa kọ́kọ́ jáde bí mo bá tú ìdè náà. Bí dísẹ̀lì bá ti ń bọ̀, kí n dè é, kí n wá máa tẹ pọ́ǹpù kékeré orí rẹ̀ títí á fi le lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sínú ọ̀nà epo.

Ọ̀dọ̀ bàbá onídísẹ̀lì ni mo gbà lọ láti ibẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù.

“Ẹ dìde, Tíṣà,” ni wọ́n wí. “Ó ti tán. Omi ọ̀hún, where e dey come from?”

“Inú ilé wa ni, sà.”

Wọ́n gba jẹ́rígáànù lọ́wọ́ mi, wọ́n sì wọn dísẹ̀lì fún mi.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń yọ àdúrà ìyá rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ nìyẹn. Ní àárọ̀ Túsìdè àti ti Fúráìdè, màá ró ògbólógbòó ìró, màá wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá gbé agolo mílíìkì sábẹ́ fílítà. Omi á kán sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà dísẹ̀lì. Màá dè é, màá tẹ pọ́ǹpù títí apá á fi máa ro mí, màá lọ da agolo náà nù sẹ́yìn ilé kí Màmá tó jí. Bí mo bá dé kíláàsì, àwọn ọmọ á máa fọwọ́ bomú. Ọkọ mi wálé lóṣù kan, ó ní, “Ṣebí kí o sọ fún wọn ni, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan.” Mo ní kó lọ sọ ọ́. Ó wọ yàrá Màmá, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ó jáde, ó lọ ka ìwé ìròyìn rẹ̀.

A ò pa ọjọ́ kankan jẹ mọ́. Ẹsẹ̀ náà kọ́kọ́ ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, inú gbogbo wa dùn, lẹ́yìn náà ó dúró sójú kan. Ó lé lóṣù méjì tó fi dúró bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń bá wọn nà án sọ̀rọ̀ bí ẹní sọ pé oòrùn mú, “Màmá, ó dà bíi pé ibi tó máa dé nìyí o.” Mo bínú sí i títí mo fi délé.

Túsìdè tó tẹ̀ lé e, mo tú ìdè, dísẹ̀lì ló kọ́kọ́ jáde. Omi kò sí. Mo ní bóyá wọ́n gbàgbé, inú mi tiẹ̀ dùn pé mo máa tètè ṣe tán. Ní Fúráìdè, kò sí. Túsìdè kejì, agolo kò ní ju dísẹ̀lì lọ, ó mọ́ rekete. Ibi tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí yẹn ni àyà mi ti já. Ní ọjọ́ Àìkú, mo dúró lójú fèrèsé títí ilẹ̀ fi ń ṣú, n ò gbọ́ ìró ọ̀pá. Mo wọlé lọ bá wọn. Ìgò omi mẹ́ta wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sí èyí tí wọ́n ṣí.

“Màmá, ẹ ò jáde lónìí.”

“Kí n jáde lọ síbo?”

Ẹnu mi ń yún mi. Èmi tí mo ti ń da omi wọn nù láti ọjọ́ yìí wá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ dà á. Mo purọ́ dípò bẹ́ẹ̀. “Ọkọ̀ yẹn tún ti ń yọ mí lẹ́nu o, Màmá. Ẹ bá mi gbàdúrà sí i.”

Wọ́n wò mí. “Kò ṣe nǹkan kan. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láràárọ̀, ara rẹ̀ ti yá. Èmi ló kù, ó sì ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Gbé mi lọ sílé.”

Mo bẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sunkún, mo jágbe, mo tún sunkún. Wọn ò bá mi jà, wọ́n kàn ń ká aṣọ wọn sínú àpótí pẹ̀lú ọwọ́ kan.

Ọjọ́ Sátidé la lọ. A gba Ìgàndò, a já sí Ìyànà-Ìpájà, a kọjá Sàngó. Mo mọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe máa ń wúkọ́ kó tó kú, mo sì ń tẹ́tí sí i. Mo gbàdúrà pé kó kú. Bó bá kú ní Sàngó, mo ní, màá ní ó tì, màá dá orí rẹ̀ padà sí Ìbà, bóyá Màmá á ní Ọlọ́run ni kò fẹ́. Kò kú. A dé Ìfọ̀, a kọjá Ewékorò, ohùn rẹ̀ ń lọ geere, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màmá sùn.

Ìgbà tí mo pa á níwájú ilé wọn ni wọ́n lajú. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n fi gbá dáṣíbọọ̀dù jẹ́jẹ́.

“Ṣé o rí i pé ọkọ̀ rẹ ti sàn pátápátá? Mo mọ̀ pé Ọlọ́run á gbọ́ ti èyí.”

Mo ní àmín. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ wá ẹni tí yóò bá mi gbé wọn wọlé.