Ọmọ Tí Kò Ta Gìrì

Garí ni mo ń yan lóko wa lọ́nà Ẹlẹ́gbẹ́ká láàárọ̀ ọjọ́ tí ilẹ̀ mì. Mo kọ́kọ́ rò pé igi ńlá kan ló wó. Ìgbà tó tún dún ni ìyá ọkọ mi ké pe Jésù. Àwọn sójà ìjọba ti gbé àgbá sẹ́yìn oko wa, wọ́n ń yìn ín sọdá odò Ọ̀sẹ̀, níbi tí àwọn sójà Bìáfúrà wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ogun lórí fóònù, iná àti èéfín lẹ ń rí. Ariwo ni èmi mọ̀. Ọta àgbá kan wúwo ju ọmọ ọwọ́ lọ. Tí wọ́n bá yìn ín, àyà èèyàn á gbọ̀n, etí á máa hó títí òmíràn á fi dún.

A ò ríbi sá sí. Ọkọ mi ti bá ẹrù iṣu lọ sí Ọ̀wọ̀, wọ́n sì dí ọ̀nà kó tó padà. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá rẹ̀, èmi sì pọn ọmọ ọwọ́. Àwọn sójà kó iṣu wa jẹ, a wá ń hú ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó. Ọmú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Ọmọ yẹn ló kó mi láyà sókè jù. Bí àgbá bá ti dún, á ta gìrì lẹ́yìn mi, á ké títí ohùn á fi há. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣáà jẹ́ kó sùn.

Nígbà tó yá, ó sùn. Àgbá dún, kò mira. Sójà kan tó wá bu omi dúró, ó ń wò ó.

"Ìyá ọmọ, èyí láyà o!"

Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ látìgbà tí ogun ti dé. "Ọma Ọ̀ghọ̀ ni, ọmọ Ọ̀wọ̀ gidi! Akin ni a ó máa pè é."

Bó ṣe di Akin nìyẹn. Inú mi dùn gan-an.

Nígbà tí ogun sún síwájú, wọ́n kó àgbá lọ. Ìdákẹ́jẹ́ náà ṣàjèjì sí wa, a kàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láìnídìí. Ọkọ mi dé, mo ròyìn ọmọ fún un.

"Jẹ́ n rí akin ọ̀hún."

Ó dúró lẹ́yìn ọmọ, ó fi àdá lu ọkọ́. Àwọn ẹyẹ fò lórí igi. Ọmọ ń fọwọ́ ra ẹní. Ó tún lù ú, ó sì wojú mi. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sunkún.

Ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ ti kú. Akin ti hewú, òun ló ń ro oko náà báyìí, ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ro ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ mò ń rò ó. Kí àgbá tó dé, mo máa ń kọrin fún un, á sì máa rẹ́rìn-ín. Òun ò lè rántí. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ pé ó gbọ́ ohùn mi rí.