Ẹni Tó Sọ Mẹ́rin Di Márùn-ún

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tí mo ti ṣe tíṣà lẹ́bàá Ìlọ́fà ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló lànà fún wọn. N kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọlúàbí. Bí wọ́n ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni kò yé mi títí di òní. Níbi ìsìn ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ní òun ló mú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wọ agbègbè wa. Èmi náà ṣe àmín. Ẹni tó bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ pariwo.

Ọmọ Ọbọ-Ilé ni mí, ìṣirò ni mo kọ́ ní yunifásítì, agbo ilé tí ọ̀gá yìí ti wá ni mo sì fẹ́ ọkọ sí. Lójú àṣà, ọkọ mi ni òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ mi gan-an kì í fẹ́ bá a jókòó. Nínú ọgbà ilé-ìwé, "sà" ni mò ń pè é, òun náà á sì máa pè mí ní mádàámù. Bí a bá ti jáde ní gééti, mo di ìyàwó ilé, mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí i. Ó mọ ibi tí gééti yẹn wà dáadáa. Bó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi, á dúró kí n jáde tán, á wá fa ohùn rẹ̀ gùn: "Ìyàwó wa."

Ní àárín àwọn ọdún 1980, ọmọ ìlú kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi kọ̀ǹpútà kan ta ilé-ìwé lọ́rẹ. Kò tóbi ju ìwé ńlá méjì tí a gbé léra lọ. Tẹlifíṣọ̀n ni a ń so ó mọ́, kásẹ́ẹ̀tì ni a sì fi ń tọ́jú ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀. Ọ̀gá pe àlùfáà kó gbàdúrà sí i, ó fi aṣọ tábìlì funfun bò ó ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó parí. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn àlejò tó bá wọlé á rẹ ohùn wọn sílẹ̀, bí ẹni tó bá òkú nínú yàrá.

Mo ní, "Sà, ẹ jẹ́ kí a máa lò ó."

"Ta ló máa lò ó?"

"Èmi ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìwé ìròyìn kan ló gbà mí. Ọmọ ìlú yẹn ti bá wa sanwó rẹ̀ sílẹ̀, oṣooṣù ló sì ń dé láti ìlú òyìnbó. Àwọn tó ń kọ ètò, ìyẹn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, fún irú kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fún. Ìròyìn ohun tuntun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe wà nínú rẹ̀, ìbéèrè àti ìdáhùn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ètò tí àwọn òǹkàwé fúnra wọn kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní ìlà-ìlà kí ẹlòmíràn lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Lókè ètò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ìlú rẹ̀. Ọ̀gá kì í ṣí i. Ife tíì ló ń gbé lé e. Mò ń yá wọn lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ife lẹ́yìn wọn, mo sì ń kà wọ́n títí bébà fi rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí orúkọ àgbẹ̀ kan tó kọ ètò tó ń ṣírò wàrà àwọn màlúù rẹ̀. Mo ní bí ti màlúù bá lè wọ ibẹ̀, tèmi náà á wọ ibẹ̀. Orúkọ mi lókè ètò tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, n kò fẹ́ ju ìyẹn lọ.

N kò wá ohun tí màá kọ jìnnà. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn ọmọ wa kì í wá sílé-ìwé. Wọ́n ń bá ìyá wọn ru iṣu. Ìdánwò tí a bá fi sọ́jọ́ ọjà, bẹ́ǹṣì ló ń ṣe é. Kàlẹ́ńdà kò sì ràn wá lọ́wọ́, nítorí ọjà kò mọ ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Mo kọ ètò kan tó jẹ́ pé bí o bá tẹ ọjọ́ oṣù sí i, á sọ fún ọ bóyá ọjà bọ́ sí ọjọ́ náà. Lọ́sàn-án Sátidé ni ọ̀gá ń jẹ́ kí n lo ẹ̀rọ, aṣọ tábìlì á sì wà lórí itan mi, nítorí kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀.

Ọrún-ọrún ni a ń ná ọjà wa. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti rán lọ́jà rí mọ̀ pé bí a bá ń ka ọrún, ọjọ́ ọjà gan-an ni ọjọ́ kìíní. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọjà tún dé; bí a bá yọ ọjọ́ kìíní kúrò nínú márùn-ún, mẹ́rin péré ló kù. Nítorí náà, mẹ́rin ni mo kọ sí ìlà keje ètò mi, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ka ọjọ́ láti ọjà kan dé èkejì.

Òfin iṣẹ́ ìjọba ni pé tíṣà kò gbọdọ̀ kọ lẹ́tà ránṣẹ́ síta láìjẹ́ pé ó gba ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ kọjá. Mo gbé ètò mi fún un. Ọjọ́ kejì, mo ti jáde ní gééti nígbà tó ké sí mi: "Ìyàwó wa! A ti fi í ránṣẹ́ o." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó gbé ìwé ìròyìn sókè níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó ṣí i. Ètò mi wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lókè, pẹ̀lú oyè yunifásítì rẹ̀. Mo wo ìlà keje. Márùn-ún ni.

Mo tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì. "Sà, orúkọ mi dà?"

"Orúkọ ilé-ìwé ni wọ́n ń kọ. Èmi sì ni ilé-ìwé."

"Ta ló wá sọ mẹ́rin di márùn-ún?"

"Èmi ni! Mo gbà ọ́ lọ́wọ́ ìtìjú. Ọrún-ọrún, o kọ mẹ́rin. Ṣé kí òyìnbó gbọ́ pé tíṣà ìṣirò wa kò lè kà dé márùn-ún?"

Ìtàn ló kọ́ ní yunifásítì. Ọjà, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a lọ.

Nígbà tí ọjọ́ àwọn òbí kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ti ní kí n fi márùn-ún sí ìlà keje lórí ẹ̀rọ wa náà. Òun fúnra rẹ̀ tẹ ọjọ́ tó fẹ́ sínú ẹ̀rọ, lójú gbogbo tíṣà. Ẹ̀rọ ní kì í ṣe ọjọ́ ọjà.

Mo ní, "Sà, ọjọ́ ọjà ni."

"Kọ̀ǹpútà ti sọ̀rọ̀, ìwọ náà ń sọ̀rọ̀!"

Lọ́jọ́ náà, a yá àga ṣọ́ọ̀ṣì, a tò ó. Àlejò pàtàkì dé láti Ìlọrin, ó jókòó. Àwọn àga yòókù ń wò ó. Lójú títì, àwọn ìyá ń kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n ń yára. Ọ̀kan nínú wọn dúró wò wá, àánú ṣe é.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìjókòó o. Ta ló kú?"

"Ọjọ́ àwọn òbí ni!"

"Òbí kẹ̀? Gbogbo òbí wà lọ́jà."

Àlejò yíjú sí ọ̀gá, ó ní ṣé wọn kò mọ ọjọ́ ọjà ìlú wọn ni. N kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé e délé kí n tó rẹ́rìn-ín.

Mo rú òfin lọ́sẹ̀ yẹn. Mo kọ̀wé sí olóòtú ìwé ìròyìn fúnra mi, mo lọ fi í ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú mìíràn. Mo sọ fún un pé mẹ́rin ló yẹ kó wà ní ìlà keje, àti pé èmi ni mo ni ètò náà. Ó fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní àwọn á tẹ àtúnṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ètò gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà kan fọwọ́ sí i.

Ni mo bá gbé e lọ fún ọ̀gá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé á bú mi, kò bú mi. Ojú àga òfìfo yẹn ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní kí n padà wá lọ́la. Nígbà tí mo dé, ó ti lẹ àpòòwé pa.

"Mo ti kọ ohun tí o fẹ́. Orúkọ rẹ wà níbẹ̀, orúkọ àti ti bàbá ọkọ rẹ."

Inú mi dùn débi pé mo kúnlẹ̀ fún un nínú ọ́fíìsì, lọ́jọ́ iṣẹ́. Mo lọ sí Ọbọ-Ilé lọ sọ fún ìyá mi. Ìyá mi kò mọ ohun tí ètò jẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ fún gbogbo àdúgbò pé orúkọ ọmọ òun ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó.

Ó dé lóòótọ́. Àpótí kékeré ni, nísàlẹ̀ ojú ìwé. Wọ́n ní mẹ́rin ló yẹ kó wà ní ìlà keje ètò ọjọ́ ọjà, kì í ṣe márùn-ún. Wọ́n ní ọ̀gá tó ni ètò náà ti ṣàlàyé pé tíṣà rẹ̀ kan tó bá a dà á kọ ló ṣe àṣìṣe, wọ́n sì dárúkọ mi. Wọ́n ní ó bẹ àwọn òǹkàwé kí wọ́n fojú àánú wò mí, wọ́n tún dárúkọ mi. Wọn kò ṣi lẹ́tà kankan kọ nínú orúkọ mi.

Mo gbé e ka iwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ó fi ìka tọ àwọn ìlà náà títí ó fi kà á tán, ó wá gbójú sókè wò mí. Inú ọgbà la wà, síbẹ̀ kò pè mí ní mádàámù. Ó ní:

"Ìyàwó wa, ṣebí orúkọ lo ní o fẹ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá ọ fi í síbẹ̀. Mélòó lo tún ń wá?"