Ọjọ́ Orí Tí Mo Gbé Wọ Deira

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, nítorí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Gbogbo àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ni mo mọ orúkọ wọn, orúkọ àbísọ àti ìnagijẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan. Ọ̀kan ti kú. Àwọn yòókù ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì nílò visa wọn. Èmi ti padà sílé.

Ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù kágò ní Deira, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá. Àwọn ará wa tó bá ra aṣọ, bàtà àti ìkòkò á kó wọn wá, a á wọ̀n wọ́n, a á dì wọ́n, a á fi wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó. Èmi ni mo ń di ẹrù. Kí n tó débẹ̀, iṣẹ́ sìkiọ́ríìtì ni mo bá wọ ìlú náà, ní Sharjah, wọn kì í sì í gba àgbàlagbà síṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá mi ṣètò ìrìnnà ní kí n gé ọdún kúrò lára ọjọ́ orí mi. Mo gé e. Mo ra aró tí wọ́n fi ń pa irun, mo sì di ọkùnrin tí kò tíì rí àádọ́ta ọdún. Ọ̀pọ̀ wa ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá bedspace, níbi tí kálukú ti ń háyà bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, tí mo ń gbé ní Abu Shagara, ní Sharjah, bí wọ́n bá ní kí kálukú sọ ọjọ́ orí rẹ̀ tòótọ́, àwọn tó ń pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò.

Ọ̀gá gba ọjọ́ orí náà gbọ́, ó rò pé òun jù mí lọ. "Ìwọ" ló ń pè mí. "Ìwọ, lọ bá mi ra omi." Màá lọ. "Ìwọ, tẹ́èpù dà?" Màá mú un wá. Ọkùnrin gíga ni, ó máa ń di bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ dé ọrùn, kì í pariwo. Alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú kí n tó mọ̀ ọ́n, wọn ò sì bímọ. Al Mamzar ló ń gbé, lọ́nà Sharjah, nítorí náà tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, á ní kí n wọ mọ́tò, á gbé mi dé Abu Shagara kó tó padà sẹ́yìn lọ sílé rẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà yẹn kì í ṣe kékeré. Inú rẹ̀ la ti di ọ̀rẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mọ́tò ò lọ, ó ń sọ pé bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ níbẹ̀ ń ba òun lẹ́rù. Mo ní, "Ẹ ò tíì rí ẹ̀rù. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò ní Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ bọ́ sí ọ̀tún, èmi àti kẹ̀kẹ́ mi la jọ wọ gọ́tà, pẹ̀lú burẹ́dì ọ̀gá mi lẹ́yìn."

Ó yíjú wò mí. "Ìwọ gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo ti ń kọ́ṣẹ́ burẹ́dì."

"Ẹ̀yìn màmá mi ni èmi wà lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Wọ́n sọ fún mi ni."

Mo mọ̀ pé ẹnu mi ti tú mi fó. Ó ń wakọ̀ lọ títí a fi dé Al Mamzar. Ó yà sí etí òkun, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ó sọ̀kalẹ̀, ó wọ̀tún wòsì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo bí mo ṣe ń rán yín níṣẹ́."

"Ọ̀gá, ẹ dìde. Àwọn ọlọ́pàá á rò pé ẹ sọ kọ́kọ́rọ́ nù."

"Ẹ dárí jì mí ná."

"Mo ti dárí jì yín. Khalas, ó ti tán. Yanrìn ti wọ̀ yín lẹ́nu."

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ náà. A jókòó síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi, mi ò sì mú tèmi kúrò.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é ju ìfẹ́ lọ. Mo ti níyàwó rí, mo mọ ohun tí ìfẹ́ jẹ́. Ní Deira, òun ni ọ̀gá, èmi ni Ìwọ. Nílé rẹ̀, èmi ni ẹ̀gbọ́n, òun ló ń bu oúnjẹ, òun ló ń fọ abọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀. Ní ìlú yẹn ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ni; ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò ní bá a jẹun mọ́. Nígbà míì á ní ó ń ni òun lára láti máa pè mí ní Ìwọ lójú àwọn oníbàárà. Màá ní kó máa pè mí bẹ́ẹ̀ lọ.

Kíndìnrín ló pa á. Gbogbo ìgbà tó fi wà ní ọsibítù, mi ò rántí pa irun mi láró. Lọ́jọ́ tó kú, wọn ò jẹ́ kí n wọlé, wọ́n ní n kì í ṣe ẹbí.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá láti Èkó láti gbé òkú lọ sílé. Ó pè wá jọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Sharjah: èmi, àlùfáà, àti awakọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa, tí kò fẹ́ràn mi. Ó ní kí wọ́n tó kan pósí pa, wọ́n gbà kí àwọn èèyàn díẹ̀ lọ wọ aṣọ fún òkú. "Ṣùgbọ́n ní ìlú tiwa, ẹni tó bá ju òkú lọ lọ́jọ́ orí kì í fojú kàn án. Àwọn àbúrò nìkan ni mo fẹ́." Ó wo ewú orí mi. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ máa lọ sinmi."

Tí mo bá lọ sinmi, mi ò ní rí i mọ́ láyé.

Mo ní, "Sà, àbúrò ni mo jẹ́ fún wọn."

"Pẹ̀lú irun yìí?"

"Ìyà ló hù ú, sà."

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò ni, sà. Ọ̀gá máa ń rán an ní omi bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ìwọ ni wọ́n ń pè é. Ìwọ, wá. Ìwọ, gbé e. Ẹrú gan-an sàn jù ú lọ."

Àlùfáà ní, "Òótọ́ ni. Èmi náà gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù."

"Àní ọ̀gá bú u lójú oníbàárà nígbà tó di ẹrù kan sódì," ni awakọ̀ tún wí.

Bí wọ́n ṣe ń ka ìwọ̀sí mi lọ nìyẹn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má tètè dákẹ́. Nígbà tí wọ́n parí, àbúrò rẹ̀ ní, "Ó dáa. Ìwọ, tẹ̀ lé mi." Mo gbà á bí ọmọdé. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Àlùfáà ò bá wa lọ. Nígbà tí a dé ilé òkú, awakọ̀ ní òun ò lè wọlé, ẹ̀rù òkú ń ba òun. Èmi àti àbúrò rẹ̀ nìkan la wọlé. Yàrá náà tutù. Ará Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ká ṣe kíá: "Yalla, baba, yalla." A gbé ṣẹ́ẹ̀tì sí i lọ́rùn. Èmi ni mo di bọ́tìnnì rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo dì í dé ọrùn, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń dì í. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kan lẹ̀ mọ́ra, mo fi ìka tọ́ ọ. Àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ mi ló ń wò.

"Kí lẹ jẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi gan-an?"

"Mo ń bá wọn di ẹrù, sà."

Lẹ́yìn náà ó sọ fún ará Íńdíà yẹn kó dúró síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń ka nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀.

"Tí ẹ bá ṣe tán," ó ní, "kí ẹ pè mí."

Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò kánjú.