Epo Nìkan Ni Mò Ń Rà Sí I

Ẹ jẹ́ ká dìde dúró fún gbólóhùn kan. Yunifásítì fún mi ní ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ èdè, mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́nu àwọn ọba, àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn tó ń tọrọ ìbò, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ èyí tó gún régé tó ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni mọ́tò kékeré máa ń sọ ní Mowe nígbà tí ẹ bá bi í léèrè bí mọ́tò rẹ̀ ṣe ń ṣe sí. Kò ní yára dáhùn. Á kọ́kọ́ wo mọ́tò náà bí ẹni ń wo àkọ́bí rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á wá sọ ọ́: "Epo nìkan ni mò ń rà sí i."

Ẹ wo bó ṣe mọ́ tó! Nínú ayé ẹni tó sọ ọ́, kò sí mẹkáníìkì, kò sí rewáyà, ẹnikẹ́ni kò sì ta ayédèrú páàtì fún ẹnikẹ́ni rí. Ènìyàn kan wà, mọ́tò kan wà, epo sì wà láàárín wọn. Bí ọgbà Ídẹ́nì ṣe rí nìyẹn kí ejò tó dé.

Ojú ìyá mi ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè yẹn. Ifo ni ìyá mi ń gbé, wọn kò sì ṣe tán láti kúrò níbẹ̀ nítorí èmi tàbí nítorí ẹlòmíràn. Ojú òsì wọn ti lọ pátápátá kí a tó mọ̀ pé àìsàn ni, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ọ̀tún ló kù. Dókítà tó ń tọ́jú wọn ní Abẹ́òkúta sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni a gbọ́dọ̀ máa wá wọn ìfúnpá inú ojú náà, kí òun lè mọ ìgbà tó yẹ kí òun pààrọ̀ oògùn.

"Ẹ má fo ọjọ́ kankan o," ni dókítà wí. "Ìríran tó bá ti lọ nínú irú àìsàn yìí, kì í padà."

Bọ́ọ̀sì ni ìyá mi ń wọ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kan, wọ́n fẹsẹ̀ lé ibi tí wọ́n rò pé àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì wà, àtẹ̀gùn kò sì sí níbẹ̀. Lórí fóònù, wọ́n ní àwọn kàn "jókòó sílẹ̀ díẹ̀" ní gáréèjì ni. Nígbà tí mo dé Ifo, mo rí àgbọ̀n wọn. Ẹni tó bá jókòó kì í fi àgbọ̀n jókòó. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu láti ra mọ́tò. Mowe ni mò ń gbé, ilé ìwé gírámà kan ní Ibafo ni mo ti ń ṣe tíṣà, agbára mi kò sì ju mọ́tò kékeré lọ, tòkunbọ̀, èyí tí èrò mẹ́rin máa jókòó sínú rẹ̀ tí eékún gbogbo wọn á máa kan nǹkan.

Nítorí pé mo kàwé, mo ra ìwé àjákọ. Mo fi rúlà fa ìlà sí i: ẹ́ńjìnnì, jíà, bó ṣe ń mu epo, bí páàtì ṣe wọ́n tó, bó ṣe ń ṣe nínú kòtò. Mo wá kọ òfin kan sókè, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀: Má ṣe bi mẹkáníìkì. Èrò mi ni pé irọ́ ni mẹkáníìkì fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí tó ni mọ́tò, kí ni yóò rí jẹ nínú irọ́?

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bi ni bàbá onílé tí ògiri wọn kan tiwa ní Mowe. Mọ́tò tiwọn wá láti Korea, ó rí roboto bí ẹyin, wọ́n sì máa ń fi aṣọ bò ó lọ́sàn-án bí ọmọ tuntun.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò yìí, ṣé kì í yọ yín lẹ́nu?"

"Èyí?" Bàbá wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n wo mọ́tò. "Epo nìkan ni mò ń rà sí i, ọmọ mi."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kejì ni igbákejì ọ̀gá ilé ìwé wa ní Ibafo, ọkùnrin gíga kan tó ń de táì láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Tirẹ̀ wá láti Japan, ó kéré ju ti bàbá onílé lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ga sókè bíi ti ẹyẹ tó fẹ́ fò. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ìbéèrè mi.

"Tíṣà, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Epo nìkan. Éésì rẹ̀ ńkọ́? Òtútù rẹ̀ máa mú kí o gbọ̀n."

Mo fi àwọn ìdáhùn méjèèjì wé ara wọn. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Nígbà náà ni mo ronú bí ọ̀mọ̀wé: ẹni tó ń de táì nínú oòrùn Ibafo kò lè jẹ́ òpùrọ́. Mo ra irú tirẹ̀.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ dùn. Mo máa ń kúrò ní Mowe ní ìdájí, màá gbé ìyá mi ní Ifo, a ó gba Papalanto kọjá, a ó sì dé Abẹ́òkúta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà. Ìyá mi á jókòó níwájú, wọ́n á gbé káàdì ilé ìwòsàn inú ọ̀rá lé itan, wọ́n á máa juwọ́ sí àwọn ènìyàn tí wọn kò rí. Lẹ́yìn náà ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì. Bí mo bá tẹ iná mọ́ ọn, á kọ́kọ́ ronú. Nígbà tó di pé ó ń ronú ju bó ṣe ń rìn lọ, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ibafo, ọmọ Ọ̀yọ́ tó dá ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ó wà á lọ, ó wà á bọ̀. "Jíà ni, Tíṣà. Béélítì ni wọ́n fi ṣe jíà irú èyí. Kò fẹ́ràn ooru. Ta ló ní kí ẹ rà á?"

"Igbákejì ọ̀gá wa ni. Ó ní epo nìkan ni òun ń rà sí i."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé sípánà sílẹ̀. "Igbákejì ọ̀gá gíga yẹn? Oní-táì? Ẹ yọjú wo ẹ̀yìn kọ̀ǹténà yẹn."

Mo yọjú. Igbákejì ọ̀gá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ti tú táì sílẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú. Mọ́tò rẹ̀ wà lórí búlọ́ọ̀kù. Jíà rẹ̀ wà nílẹ̀ lórí páálí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀.

"Háà, Tíṣà! Mo ní kí n kàn yà kí wọn ni."

"Ẹ kú ìkíni, sà. Jíà yín náà wá kí wọn?"

"Wọ́n fẹ́ bá mi fọ̀ ọ́ ni."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta tí a ó fọ̀ ọ́ lọ́dún yìí rèé!" mẹkáníìkì pariwo láti abẹ́ mọ́tò mi.

Mo wo jíà tó wà nílẹ̀, mo wo igbákejì ọ̀gá. Bóyá ìwò yẹn ló dùn ún. Ó gbọn gúgúrú kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Kí lo fẹ́ kí n sọ fún ọ nígbà yẹn? Kí n ní ìyà ni mo lọ rà?"

Mo padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo bi í bóyá ti Korea ni ì bá dára jù, irú ti bàbá onílé wa ní Mowe.

"Bàbá yẹn? Oníbàárà mi ni wọ́n. Wọ́n ní kí n máa wá ní ìdájí Sátidé, kí àwọn ayálégbé má baà rí mi. Ẹ́ńjìnnì tiwọn kò burú, páàtì rẹ̀ kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀. Kòtò Mowe ti jẹ gbogbo ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tiyín yìí, ẹ máa kú kó tó kú. Jíà rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Kò sí èyí tí kò ní tiẹ̀, Tíṣà. Ẹni bá fẹ́ rà á ló yẹ kó mọ èyí tí òun lè bá gbé."

"Kí ló dé tí o kò sọ gbogbo èyí fún àwọn ènìyàn?"

"Ta ló bi mí? Ẹ̀yin alákọ̀wé kì í bi mẹkáníìkì. Ẹ ti gbà pé olè ni wá."

Mo rántí ìlà méjì tí mo fà sábẹ́ òfin mi, mo sì wo ilẹ̀.

Ó ní tí n kò bá tíì lè pààrọ̀ jíà, kí n má ṣe wà á pẹ́ láìsinmi. Kí n máa dúró, kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n jẹ́ kó tutù. Bí mo ṣe wá mọ gbogbo igi tó ní ìbòòji láti Ifo dé Abẹ́òkúta nìyẹn. Èyí tó dára jù wà lẹ́yìn Papalanto, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì ti máa ń yà. Ibẹ̀ ni a máa ń dúró sí. Ìyá mi á jẹ ọsàn, mọ́tò á mí.

Ní ọjọ́ kan, tó jẹ́ ọjọ́ ilé ìwòsàn, mo rí i láti ọ̀nà jíjìn pé àwọn kan ti wà lábẹ́ igi wa. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi ni, òun àti jíìpù rẹ̀, wọ́n ń mu omi. Ní ìpàdé àwọn òbí, ó ti bi mí nípa mọ́tò mi, mo sì ti sọ fún un pé kò sí wàhálà. Mo wo bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ ṣí, mo wo jíìpù. Mo fọn fèrè, mo juwọ́ sí i, mo sì kọjá lọ.

"Ṣé a kò dúró lónìí?" ìyá mi bi mí.

"A ti pẹ́ díẹ̀, màámi."

A kò tíì dé Ìtòrí tí mọ́tò fi kọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mò ń tẹ iná, a kò sì lọ síbì kankan.

"Kí ló dá wa dúró?"

"Gosìlóò ni, màámi."

Wọ́n na etí síta. "Gosìlóò tí ẹnikẹ́ni kò fọn fèrè?"

Nígbà tí mọ́tò fi tutù tó sì gbà láti rìn, tí a sì rọra dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ti kó fáìlì jọ. "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Dókítà ti lọ sí tíátà láti ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì." Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo sọ gẹ̀ẹ́sì tó le. Ó tún sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, a dúró lábẹ́ igi, a sì tètè dé. Nọ́ọ̀sì ní kí ìyá mi ka àwọn lẹ́tà ara ògiri. Ní ìgbà tí wọ́n kà á gbẹ̀yìn, wọ́n ka ìlà kẹta dáadáa. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ka ìlà kejì tán, wọ́n dúró.

"Ó tún kù, màmá," nọ́ọ̀sì wí.

"Níbo?" ìyá mi bi í.

Dókítà ní ìfúnpá náà ti lọ sókè láàárín oṣù kan tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n. Ó pààrọ̀ oògùn. Ó ní òun yóò gbìyànjú kí èyí tó kù má lọ. Kò bá mi jà. Ì bá dára kó bá mi jà.

Mo di ìyá mi lọ́wọ́ mú jáde, mo jẹ́ kí wọ́n jókòó sínú mọ́tò, mo yí gíláàsì sílẹ̀ fún wọn nítorí ooru. Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó di bàbá arúgbó kan mú ní apá, ojú bàbá náà wà lábẹ́ báńdéèjì. Ó ti ń wo mọ́tò mi kí n tó dé.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú o. Irú mọ́tò yìí gan-an ni mo fẹ́ rà, nítorí bàbá. Bọ́ọ̀sì ti ń pa wọ́n lára. Ṣé kì í yọ yín lẹ́nu?"

Mo ní gbogbo rẹ̀ lẹ́nu: jíà, béélítì, ooru, igi, ìlà kẹta. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan péré ni. Ìyá mi wà nínú mọ́tò, gíláàsì ṣí sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́ wa.

Mo sọ fún un pé epo nìkan ni mò ń rà sí i.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá rẹ̀ náà dúpẹ́. Ìyá mi na ọwọ́, wọ́n yí gíláàsì wọn sókè nínú ooru yẹn. Èmi náà ti sọ gbólóhùn yẹn.